Ìwé ìṣirò bàbá mi àti iye tí wọ́n ń ṣẹ́ pọ́n-ùn Lọ́ńdọ̀nù sí owó wa láti 1964 sí 1994

Ọmọ Òkè-Àró (Àkúrẹ́)

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, mo kí yín. Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ nínú ìdílé wa tí ó ń fẹ́ ọwọ́ ẹni tí ó mọ ìtàn owó. Lẹ́yìn tí a sin bàbá mi, a rí ìwé ìṣirò kan nínú àpótí rẹ̀. Inú ìwé náà ni ó ń kọ gbogbo owó tí àbúrò rẹ̀ fi ń ránṣẹ́ sí i láti Lọ́ńdọ̀nù sí, bẹ̀rẹ̀ láti 1964 títí di 1994, kí ó lè fi bá a kọ́ ilé tí ó wà ní Òkè-Àró. Àbúrò bàbá mi náà ti ṣaláìsí. Àwọn ọmọ rẹ̀ wá kó ẹ̀dà lẹ́tà bàbá wọn jọ, wọ́n fi iye tí ó wà nínú lẹ́tà wé iye tí ó wà nínú ìwé, kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sí èyí tí ó bára mu.

Mo mú díẹ̀ jáde kí ẹ lè rí i. Ní oṣù kẹta ọdún 1969, lẹ́tà sọ pé £100 ni a fi ránṣẹ́ nípasẹ̀ báǹkì, ṣùgbọ́n bàbá mi kọ ọ́ pé £85 àti ṣílè 5 ni ó tẹ òun lọ́wọ́. Ní ọdún 1972, £100 míràn wá, ìwé sì sọ pé £78 àti ṣílè 4 ni. N kò mọ oṣù tí ó jẹ́, nítorí omi ti kan ewé ìwé náà, lẹ́tà rẹ̀ kò sì ní ọjọ́ lórí. Ní oṣù keje 1975, £200 di ₦270. Ní oṣù kọkànlá 1976, £200 bákan náà di ₦204 péré. Nígbà tí ó yá, ó wá yí padà: ní oṣù kejìlá 1986, £300 di ₦1,420, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọmọ àbúrò bàbá mi wo iye ọdún náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n ní kò yẹ kí ó pé ₦900. Ní 1994, £500 di ₦42,500, wọ́n ní kò yẹ kí ó pé ₦17,000. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé ẹni tí ó lè kọ iye tí ó ju èyí tí ó gbà lọ, ńṣe ni ó jókòó hun ìwé náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ọ̀rọ̀ ti 1969 yẹn kò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ ọ tí àwọn ẹbí ń sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ nígbà tí bàbá mi kò bá sí nítòsí, pé pọ́n-ùn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ó dín ṣílè márùn-ún wọ àpò ẹnì kan. Ìpàdé ẹbí ku ọ̀sẹ̀ méjì. Mo ń bẹ̀ yín, báwo ni ẹni tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ báǹkì ṣe lè mọ iye tí wọ́n ń ṣẹ́ pọ́n-ùn ní ọjọ́ kan pàtó láyé ìgbà yẹn, ǹjẹ́ àwọn ìyàtọ̀ wọ̀nyí sì ní àlàyé?

Akọ̀wé Báǹkì Àtijọ́ (Àkúrẹ́)

Ọmọ mi, ẹ kú àṣeyìndè bàbá. Ọdún 1971 ni mo wọ iṣẹ́ báǹkì, mo sì bá àwọn ọ̀gá tí ó fi ọwọ́ ara wọn ṣe ìṣirò tí ìwọ ń béèrè yìí. Jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí 1969, nítorí òun ni ó rọrùn jù, òun náà sì ni ó ti ba orúkọ ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ́ láìṣẹ̀.

Pọ́n-ùn méjì ni ó wà. Kí Báǹkì Àpapọ̀ Nàìjíríà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, owó tí a ń ná ni èyí tí ìgbìmọ̀ owó Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1912, ń tẹ̀ fún gbogbo ilẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso ní agbègbè wa. Ní ọjọ́ kìíní oṣù keje 1959, Báǹkì Àpapọ̀ gbé pọ́n-ùn Nàìjíríà jáde, ó sì bá pọ́n-ùn Gẹ̀ẹ́sì dọ́gba láìsí ìyàtọ̀ kọ́bọ̀ kan. Ìdí nìyí tí ojú fi mọ́ àwọn bàbá wa pé £100 tí ó bá kúrò ní Lọ́ńdọ̀nù, £100 ni yóò dé Àkúrẹ́, àfi owó iṣẹ́ tí báǹkì bá yọ. Àmì £ kan náà ni a ń kọ fún méjèèjì, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ ti dojú rú.

Ní ọjọ́ kejìdínlógún oṣù kọkànlá 1967, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì já iye owó tiwọn wálẹ̀. Pọ́n-ùn wọn tí ó jẹ́ dọ́là 2.80 di dọ́là 2.40. Nàìjíríà, tí ogun abẹ́lé ń jà lọ́wọ́, kò bá wọn já tirẹ̀ wálẹ̀. Pọ́n-ùn tiwa dúró sí dọ́là 2.80 rẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn ni pọ́n-ùn Nàìjíríà kan ti di pọ́n-ùn Gẹ̀ẹ́sì kan pẹ̀lú ṣílè mẹ́ta àti kọ́bọ̀ mẹ́rin. (Kọ́bọ̀ ni a ń pe pẹ́nì láti ọjọ́ tí aláyé ti dáyé, kí ìjọba tó sọ ọ́ di orúkọ owó ní 1973. Kọ́bọ̀ méjìlá ni ṣílè kan nígbà náà, ogún ṣílè sì ni pọ́n-ùn kan.)

Nítorí náà, mú £100 ti Gẹ̀ẹ́sì, pín in sí ọ̀nà méje, kí o sì mú mẹ́fà níbẹ̀, nítorí bí 2.40 ti rí sí 2.80 nìyẹn. Ohun tí yóò bọ́ sí ọ lọ́wọ́ ni £85, ṣílè mẹ́rìnlá àti tọ́rọ́ kan, ìyẹn kọ́bọ̀ mẹ́ta. Bàbá rẹ kọ £85 àti ṣílè márùn-ún. Ṣílè mẹ́sàn-án àti tọ́rọ́ kan tí ó ṣẹ́kù, owó iṣẹ́ báǹkì ni, kò sì pọ̀ rárá.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí o lọ wò kí o tó sun lálẹ́ òní: gbogbo owó tí ó wọlé láti 1964 títí di oṣù kẹwàá 1967. Bí ó bá jẹ́ ṣílè díẹ̀díẹ̀ nìkan ni ó fi ń dín, tí èyí tí ó kọ́kọ́ dín ní ìdá méje sì jẹ́ èyí tí ó wọlé lẹ́yìn oṣù kọkànlá 1967, o ti rí ẹ̀rí tí ó ju ti ẹlẹ́rìí mẹ́wàá lọ.

Ìyá Alágbàtà Kòkó (Oǹdó)

Ọmọ mi, Bàbá Akọ̀wé ti sọ ti báǹkì. Èmi fẹ́ sọ ti ẹnu, nítorí ìpàdé ẹbí ni o ń lọ, ẹnu sì ni àwọn àgbà yóò fi jẹ́rìí níbẹ̀, kì í ṣe ìwé.

Ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 1973 ni náírà jáde, Olóyè Awólọ́wọ̀ tí ó jẹ́ kọmíṣọ́nnà fún ètò ìṣúná títí di 1971 ni ó fún un lórúkọ. Pọ́n-ùn Nàìjíríà kan di náírà méjì. Ìjọba yí owó padà, ṣùgbọ́n àwa kò yí ẹnu wa padà. Nídìí òṣùwọ̀n kòkó tí ìyá mi jókòó sí ní Oǹdó níhìn-ín, ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn 1973 ni a ṣì ń pe náírà méjì ní pọ́n-ùn kan, tí a ń pe kọ́bọ̀ mẹ́wàá ní ṣílè, tí a sì ń pe kọ́bọ̀ márùn-ún ní sísì. Bí àgbẹ̀ bá ní òun gba pọ́n-ùn mẹ́wàá, ogún náírà ni ó gbà. Àpò kan, tí ó jẹ́ ọgọ́rùn-ún pọ́n-ùn, di igba náírà, àwọn ìyálọ́jà mìíràn sì wà tí wọ́n ń kà á bẹ́ẹ̀ títí di òní.

Nítorí náà, ẹni tí ó bá jẹ́rìí pé "wọ́n gba pọ́n-ùn báyìí báyìí" lẹ́yìn 1973, má ṣe kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bi í léèrè bóyá pọ́n-ùn òyìnbó ni tàbí pọ́n-ùn ẹnu wa.

Ọmọ Òkè-Àró (Àkúrẹ́)

Bàbá Akọ̀wé, mo ti wò ó. Láti 1964 títí di oṣù kẹsàn-án 1967, iye mọ́kànlá ni ó wà nínú ìwé, kò sì sí èyí tí ó fi ju ṣílè mẹ́wàá dín sí ti lẹ́tà. Èyí tí ó tẹ̀ lé e jẹ́ ti oṣù kejì 1968: £50 nínú lẹ́tà, £42 àti ṣílè 12 nínú ìwé. Ọwọ́ mi gbọ̀n nígbà tí mo rí i.

Ìyá wa, ẹ ṣeun púpọ̀. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin kan ṣì wà láyé, òun sì ni ó máa ń sọ pé "pọ́n-ùn márùndínlógóje" péré ni bàbá mi sọ pé òun gbà ní 1975 nígbà tí igba pọ́n-ùn wá láti Lọ́ńdọ̀nù. Márùndínlógóje ní ìlọ́po méjì, ₦270 gan-an ni. Ẹ̀mí kan ṣoṣo ni ìyá náà fi ń sọ ọ́ láti ọjọ́ yìí wá, pé pọ́n-ùn márùndínláàádọ́rin sọnù.

Ṣùgbọ́n kí ni ó fà á tí £200 fi jẹ́ ₦270 ní ọdún kan, tí ó sì di ₦204 ní ọdún kejì? Náírà kò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́ nígbà yẹn.

Olùkọ́ Ìṣirò (Ìjàpọ̀, Àkúrẹ́)

Ìbéèrè yín fúnra rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dáhùn ara rẹ̀. Náírà kọ́ ni ó bàjẹ́. Pọ́n-ùn ni ó bàjẹ́. Àwa tí a dàgbà sí àkókò tí náírà ń lọ sísàlẹ̀ nìkan kì í rántí pé owó ti òyìnbó náà máa ń ṣubú.

Ọ̀nà tí mo fi ń ṣe é nìyí, ẹnikẹ́ni tí ó bá ní ìwé àti kálámù sì lè ṣe é. Iye pọ́n-ùn sí náírà ti àtijọ́ ṣòro láti rí ní tààrà, ṣùgbọ́n iye pọ́n-ùn sí dọ́là wà nílẹ̀, iye náírà sí dọ́là náà wà nílẹ̀. Ẹ gba ojú dọ́là kọjá. Ní oṣù keje 1975, pọ́n-ùn kan tó nǹkan bí dọ́là 2.18, náírà kan sì tó nǹkan bí dọ́là 1.61, àní ó ju dọ́là lọ dáadáa. Ẹ fi 1.61 pín 2.18, ẹ ó rí náírà 1.35 fún pọ́n-ùn kan, èyí tí í ṣe ₦270 fún £200. Ní ọdún 1976, ìfòyà dé bá owó Gẹ̀ẹ́sì: ní oṣù kẹta ó já wálẹ̀ kọjá dọ́là 2, nígbà tí yóò sì fi di oṣù kẹwàá ó ti sún mọ́ dọ́là 1.60, títí tí ìjọba wọn fi lọ yá owó lọ́wọ́ Àjọ Ìṣúná Àgbáyé, IMF. Náírà dúró gbọin ní tirẹ̀ nítorí epo rọ̀bì. Bí pọ́n-ùn bá jẹ́ dọ́là 1.64 ní oṣù kọkànlá, tí náírà sì jẹ́ dọ́là 1.59, £200 kò lè ju nǹkan bí ₦206 lọ. Bàbá yín kọ ₦204. Báǹkì ni ó jẹ ₦2.

Ní ti ibi tí ẹ ó ti rí àwọn iye náà: Báǹkì Àpapọ̀ Nàìjíríà ń tẹ ìwé ìṣirò ọdọọdún kan jáde, tí wọ́n ń pè ní Statistical Bulletin, iye náírà sí dọ́là láti àwọn ọdún àkọ́kọ́ sì wà nínú rẹ̀, ẹ lè gbà á lórí ìkànnì wọn lọ́fẹ̀ẹ́, tàbí kí ẹ béèrè rẹ̀ ní ilé ìkàwé fásitì tí ó wà ní Àkúrẹ́ níhìn-ín. Iye ojoojúmọ́ tí ó wà lórí ìkànnì náà kò lọ sẹ́yìn ju ìparí 2001 lọ, nítorí náà ẹ má ṣe pàdánù àkókò níbẹ̀ fún ọ̀rọ̀ 1969. Báǹkì Àgbáyé, World Bank, ní iye ọdọọdún láti 1960. Fún pọ́n-ùn sí dọ́là, Bank of England ní iye ojoojúmọ́ láti 1975, báǹkì àpapọ̀ Amẹ́ríkà sì ní i láti 1971. Èmi a máa fi méjì wé ara wọn kí n tó gba ọ̀kan gbọ́.

Ọmọ Oǹdó ní Peckham (Lọ́ńdọ̀nù)

Mo kí gbogbo ilé. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n fi nǹkan kan kún ti Olùkọ́. Ọjọ́ tí ó wà lórí lẹ́tà kì í ṣe ọjọ́ tí wọ́n ṣẹ́ owó. Nígbà tí bàbá mi ń fi owó ránṣẹ́ láti ibí, ìwé owó tí báǹkì kọ, tí à ń pè ní dìráfù, ni ó máa ń fi sínú lẹ́tà. Ó lè lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lójú ọ̀nà, kí ó tún lo ọ̀sẹ̀ mélòó kan ní báǹkì ní Oǹdó kí wọ́n tó san án. Iye ọjọ́ tí báǹkì san án ni yóò wà nínú ìwé ẹni tí ó gbà á. Ní ọdún bí 1976, oṣù kan péré lè yí náírà mẹ́wàá padà lórí £200. Nítorí náà, bí ìṣirò Olùkọ́ bá fi náírà mélòó kan yàtọ̀ sí ti ìwé, kí ẹnikẹ́ni má ṣe pariwo.

Ní ti 1994, ìbéèrè kan ṣoṣo ni kí ẹ bi àwọn ọmọ àbúrò bàbá yín: ta ni ó gbé owó náà wá? Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè búra pé kò gba báǹkì kọjá. Ìjọba ológun ìgbà náà ti so dọ́là mọ́ nǹkan bí náírà 22, wọ́n sì ka ọjà òde léèwọ̀, ṣùgbọ́n ní iye yẹn kò sí ẹni tí ó ń ta dọ́là fún ará ìlú. Ẹni tí ó bá fi pọ́n-ùn rẹ̀ gba báǹkì yóò gba nǹkan bí náírà 33 tàbí 34 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ó bá fún ẹni tí ń bọ̀ nílé lówó, tí ó sì ṣẹ́ ẹ lọ́dọ̀ àwọn Mọ́là, yóò gba ìlọ́po méjì rẹ̀ àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. ₦42,500 lórí £500 jẹ́ náírà 85 fún pọ́n-ùn kan. Iye ọjà òde ni. Ìwé tí àwọn ọmọ náà wò lórí íntánẹ́ẹ̀tì, iye ìjọba nìkan ni ó gbé kalẹ̀, kò sì sọ fún wọn pé iye méjì ni ó wà. Ọdún 1999 ni ìjọba tó pa iye méjì yẹn pọ̀ di ọ̀kan, ọ̀rọ̀ náà sì tún ti padà wáyé lẹ́yìn ìgbà náà títí di oṣù kẹfà 2023, nígbà tí dọ́là fò láti nǹkan bí 470 sí ohun tí ó ju 600 lọ ní ọjọ́ kan ṣoṣo lọ́wọ́ ìjọba.

Ọmọ Òkè-Àró (Àkúrẹ́)

Ẹ ṣeun, sà. Lẹ́bàá iye ti 1994, bàbá mi kọ orúkọ ẹnì kan àti ọ̀rọ̀ náà "lọ́wọ́". A ti ń rò pé ẹni tí ó yá lówó ni. Ti 1986 ni ó kù.

Akọ̀wé Báǹkì Àtijọ́ (Àkúrẹ́)

1986 ni ọdún tí ó yẹ kí a fi ara balẹ̀ lé lórí, nítorí ọdún méjì ni ó wà nínú rẹ̀.

Ní 1985, bí a bá pín gbogbo ọdún náà dọ́gba, dọ́là kan kò tó náírà kan. Kọ́bọ̀ 89 ni. Pọ́n-ùn náà kò fi bẹ́ẹ̀ ju náírà kan àti kọ́bọ̀ mẹ́rìndínlógún lọ. Iye orí ìwé ni, nítorí a kò rí owó òkèèrè fún ẹni tí ó wá béèrè rẹ̀. Èmi fúnra mi jókòó sídìí tábìlì tí wọ́n ti ń kọ fọ́ọ̀mù tí kò ní í ní èsì. Nígbà tí iye epo rọ̀bì wó lulẹ̀ ní 1986, ìjọba Babangida gbé ètò àtúntò ọrọ̀ ajé tí a mọ̀ sí SAP kalẹ̀, wọ́n sì ṣí ọjà owó òkèèrè onípele kejì tí a ń pè ní SFEM. Ní ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù kẹsàn-án 1986, ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ ta dọ́là níbẹ̀ bí ẹni ń ta gbàǹjo, iye tí ó jáde ni náírà 4.6174 fún dọ́là kan. Ní ọ̀sẹ̀ tí ó ṣáájú, kò tíì tó náírà méjì. Nígbà tí ó di òpin ọdún, ó ti rọ̀ díẹ̀ padà sí nǹkan bí náírà 3.32.

Nísinsìnyí, ẹ wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí ẹni tí ó lọ béèrè "iye 1986" lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Báǹkì Àpapọ̀ yóò sọ fún un pé náírà 2.02 ni. Báǹkì Àgbáyé yóò sọ pé náírà 1.75 ni. Irọ́ kọ́ ni èyíkéyìí nínú méjèèjì. Oṣù mẹ́sàn-án tí dọ́là kò tó náírà méjì ni wọ́n pò mọ́ oṣù mẹ́ta tí ó ju mẹ́ta lọ, tí olúkúlùkù sì pín in ní ọ̀nà tirẹ̀. Ará ìlú tí báǹkì ṣẹ́ owó fún ní 2.02 ṣòro láti rí. Ẹni tí owó rẹ̀ wọlé ní oṣù kẹfà gba iye tí ó kéré sí i, ẹni tí owó rẹ̀ wọlé ní oṣù kejìlá sì gba iye tí ó jù ú lọ fíìfíì. Pọ́n-ùn tó nǹkan bí dọ́là 1.44 ní oṣù kejìlá. Sọ 3.32 di ìlọ́po 1.44, ìwọ yóò rí náírà 4.78 fún pọ́n-ùn kan. £300 jẹ́ nǹkan bí ₦1,434. Bàbá rẹ kọ ₦1,420.

Ìyá Alágbàtà Kòkó (Oǹdó)

Ọdún yẹn náà ni wọ́n tú àjọ tí ń ra kòkó fún ìjọba ká, tí ẹni tí ó bá lówó sì lè ra kòkó kí ó tà á sí òkè òkun fúnra rẹ̀. Nítorí pé dọ́là ni òyìnbó fi ń rà á, ọ̀pọ̀ kò mọ kòkó rárá tí wọ́n fi ń dé Oǹdó pẹ̀lú àpò owó. Dọ́là ni wọ́n ń wá, kì í ṣe kòkó. Bí o bá fẹ́ kí àwọn ẹbí gbà pé owó òkèèrè fò ní ìparí 1986, bi àgbẹ̀ kòkó èyíkéyìí tí ó ti ju ọgọ́ta ọdún lọ nípa iye tí ó ta tọ́ọ̀nù kan ní ọdún yẹn àti ọdún tí ó ṣáájú.

Ọmọ Òkè-Àró (Àkúrẹ́)

Ẹ̀yin àgbà mi, èyí tí ó kù kì í ṣe ti ìwé mọ́. Àwọn ọmọ àbúrò bàbá mi ní, bí ó bá tilẹ̀ jẹ́ pé owó náà dé pé, kí a ṣẹ́ gbogbo pọ́n-ùn tí bàbá wọn fi ránṣẹ́ ní iye òní, kí a sì fi ìyẹn mọ ìpín wọn nínú ilé. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní rárá, náírà tí ó wọlé ni kí a kà. Ta ni ó tọ̀nà?

Olùkọ́ Ìṣirò (Ìjàpọ̀, Àkúrẹ́)

Kò sí ẹni tí ó tọ̀nà nínú àwọn méjèèjì. Ní ọdún 2025, pọ́n-ùn kan ń rìn ní àyíká ₦2,000. Bí a bá ṣẹ́ £200 ti 1976 ní iye yẹn, ₦400,000 ni, kò sì lè gbé ìpìlẹ̀ yàrá kan dúró. Bí a bá sì ka ₦204 bí ó ṣe wà, a jẹ́ pé a ń sọ pé owó tí ó ra ohun èlò ilé nígbà náà kò tó owó búrẹ́dì kan lónìí. Iye tí wọ́n ń ṣẹ́ owó wúlò láti mọ ohun tí ó wọlé ní ọjọ́ tí ó wọlé. Kò mọ nǹkan kan nípa ilẹ̀, kò sì mọ nǹkan kan nípa ilé.

Ìyá Alágbàtà Kòkó (Oǹdó)

Mo fara mọ́ Olùkọ́, ṣùgbọ́n kí ó má fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣé bàbá rẹ kọ ohun tí ó fi owó náà rà? Bí ó bá kọ pé owó báyìí ra àpò sìmẹ́ǹtì báyìí, tí páànù sì jẹ́ ìdì báyìí, ka sìmẹ́ǹtì àti páànù, má ka pọ́n-ùn, má sì ka náírà. Ohun tí ó jẹ́ ti àbúrò nínú ilé yóò hàn sí yín, ohun tí bàbá rẹ fi kún un láti inú àpò ara rẹ̀ náà yóò sì hàn.

Ọmọ Òkè-Àró (Àkúrẹ́)

Ó kọ ọ́, mà. Ewé mẹ́rìnlá gbáko. N kò tíì fi ojú ìyẹn wò ó rí. Mo ń bẹ̀rẹ̀ lálẹ́ òní.

Bàbá Akọ̀wé, ẹ dárí jì mí, £78 àti ṣílè 4 ti 1972 kò tíì ní àlàyé. Bí mo bá pín £100 sí ọ̀nà méje kí n mú mẹ́fà, £85 àti ṣílè mẹ́rìnlá ni. Báǹkì kò lè yọ pọ́n-ùn méje gẹ́gẹ́ bí owó iṣẹ́.

Akọ̀wé Báǹkì Àtijọ́ (Àkúrẹ́)

Mo ti ń dúró de ìbéèrè yẹn. Nígbà tí Amẹ́ríkà já dọ́là wálẹ̀ ní ìparí 1971, Nàìjíríà kò bá wọn lọ; pọ́n-ùn wa gòkè sí dọ́là 3.04, ti Gẹ̀ẹ́sì náà sì gòkè sí nǹkan bí dọ́là 2.60, nítorí náà mẹ́fà nínú méje náà kò yẹ̀. Ṣùgbọ́n ní oṣù kẹfà 1972, àwọn Gẹ̀ẹ́sì tú pọ́n-ùn wọn sílẹ̀ kí ó máa léfòó bí ọjà bá ti gbé e, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀. Ní oṣù kẹjọ, nǹkan bí dọ́là 2.45 ni, ní oṣù kẹwàá, nǹkan bí 2.39, ní oṣù kejìlá, nǹkan bí 2.35. Fi 3.04 pín ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ti oṣù kẹjọ yóò fún ọ ní £80 àti ṣílè mọ́kànlá, ti oṣù kejìlá yóò fún ọ ní £77 àti ṣílè mẹ́fà, ti oṣù kẹwàá yóò sì fún ọ ní £78 àti ṣílè méjìlá. Yọ owó iṣẹ́ báǹkì kúrò nínú èyí tí ó gbẹ̀yìn yẹn. Oṣù tí omi pa rẹ́ nínú ìwé náà, oṣù kẹwàá 1972 ni, tàbí ọjọ́ díẹ̀ sí i.

Ọmọ Òkè-Àró (Àkúrẹ́)

Lẹ́tà tí kò ní ọjọ́ lórí yẹn, ohun tí ó wà ní ìlà kejì rẹ̀ ni pé kí bàbá mi fi owó náà ṣe ìkómọ. Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹwàá 1972 ni wọ́n bí àbúrò mi obìnrin.